Bẹ́ǹṣì kan, ọ̀nà mẹ́ta láti kàn án: èwo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kan bẹ́ǹṣì mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ fi ìdí tì í síwájú, kí ẹ tún fi tì í sẹ́yìn. Bó bá dúró gbọin-gbọin, ẹ bá a yọ̀. Bó bá ń ké kín-ín-kín-ín, ẹ tètè dìde.

Bẹ́ǹṣì àkọ́kàn tèmi lẹ́wà o. Mo fi sánpépà ha á títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Ìṣó nìkan ni mo fi kàn án, ìṣó gàgàrà, torí mo rò pé bí ìṣó bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe di nǹkan mú tó. Kò pé oṣù mẹ́rin tó ti ń jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ́, pákó ìjókòó rẹ̀ kò tẹ̀. Ihò ìṣó ló ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, tí ìṣó wá ń mì nínú rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Òun ló jẹ́ kí n to ìfiwéra yìí bí mo ṣe tò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kan nǹkan nílé sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè igi tó dára jù. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ó níláti dúró dìgbà tí a bá ti yanjú oríkèé, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ara. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, ká tó dé orí igi, irinṣẹ́ àti ohun tí a ó fi kùn ún.

Ká lè máa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà, ẹ fojú inú wo bẹ́ǹṣì èèyàn méjì: 110 cm ní gígùn, 31 cm ní ìbú, 45 cm ní gíga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní 45 mm lójú méjèèjì. Pákó kan tó nípọn ní 20 mm, tó sì ga ní 90 mm, yí abẹ́ ìjókòó ká, òun ló so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ọ̀já ni èmi máa ń pe pákó yìí, torí iṣẹ́ ọ̀já ló ń ṣe.

Kí ló ń ba bẹ́ǹṣì jẹ́ gan-an?

Ìwúwo èèyàn kọ́. Ẹsẹ̀ páìnì tó nípọn tó báyìí, bó bá dúró ṣánṣán, lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ kó tó fọ́, mẹ́rin sì ni wọ́n. Títì láti ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀tá. Nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn, tàbí tí ọmọdé bá ń wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀ dípò kó gbé e, ẹsẹ̀ á di ọ̀pá tí a fi ń hú nǹkan. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ jìnnà sí oríkèé ní nǹkan bí 40 cm, bẹ́ẹ̀ oríkèé fúnra rẹ̀ kò lè ga ju ọ̀já lọ. Bí ọ̀já bá ga ní 4.5 cm péré, agbára tí ẹ fi ti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ á ti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án kó tó kan ìṣó. Bí ọ̀já bá ga ní 9 cm, agbára yẹn á dín sí ìdajì. Ẹ ò tíì ra irinṣẹ́ kankan, ẹ ò tíì pààrọ̀ igi, pákó tó ga sí i lásán lẹ mú, ibi tí bẹ́ǹṣì ti máa ń bàjẹ́ sì ti le ní ìlọ́po méjì.

Bí ọ̀já gíga kò bá wù yín lójú, ẹ fi igi ìdábùú so ẹsẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, bíi 12 cm sí ilẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Àmọ́ gìgísẹ̀ yín á máa gbá a.

Ìṣó nìkan

Ìṣó yá. Òòlù kan, ayùn kan, ọ̀sán kan, iṣẹ́ ti parí. Ó sì ní ibi tó ti dára: bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gé e láàárín, ìṣó kì í tètè gbà. Àmọ́ bí nǹkan bá ń fà á jáde, kò sí ohun tó dì í mú ju bí igi ṣe fún un lọ, igi tó bá sì gbẹ sí i á tú ọwọ́. Èyí tó burú jù ni kí ẹ kan ìṣó sí ojú gígé igi, ibi tí ẹ ti ń rí òrùka ọdún igi. Níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni iṣan igi àti ìṣó kọjú sí, ìṣó á kàn wọ àárín wọn bí ìgbà tí èèyàn ti igi bọ ìdì ìgbálẹ̀. Bó ṣe wọlé wẹ́rẹ́ ni yóò ṣe jáde wẹ́rẹ́.

Mo ṣì ń lo ìṣó fún ẹ̀yìn pẹpẹ, fún àpótí ìkóǹkansí, àti láti fi di pákó mú kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Bí igi bá fẹ́ máa là, ẹ fi òòlù gbá ẹnu ìṣó kó kújú díẹ̀. Ìṣó ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń ya iṣan igi sọ́tọ̀ bí àáké, èyí tó kújú ń fọ́ ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Fún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, rárá.

Súkúrúù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù

Èyí ni mo máa ní kí ẹni tó ń kan nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ mú, n kò sì ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Súkúrúù ní eyín yípo ara, kò lè jáde láìfa igi ya. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò sì ní agbára tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fọkàn sí: bí ẹ bá lẹ ẹ̀gbẹ́ igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, tó gbẹ dáadáa, tí ẹ wá fi tipátipá yà á, igi ni yóò ya, ibi tí ẹ lẹ̀ kò ní ya. Ẹ fi àjákù pákó méjì dán an wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ dán ojú gígé mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi wò. Ìyẹn á já pàrà, torí ojú gígé ń fa gọ́ọ̀mù mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi, èyí tó ṣẹ́kù lórí kò tó nǹkan.

Ìdí nìyẹn tí bí ẹ ṣe to pákó fi ṣe pàtàkì ju iye súkúrúù lọ. Ẹ má ṣe fi orí ọ̀já gún ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀já gba ìta ẹsẹ̀ kọjá, kí pẹlẹbẹ ọ̀já lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ ẹsẹ̀. Ojú tó lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀ fẹ̀ ní 45 mm, ó ga ní 90 mm, gọ́ọ̀mù á rí ibi di mú.

Ẹ jẹ́ ká kan igun kan pọ̀. Súkúrúù 4 mm ni, ó gùn ní 50 mm: 20 mm á gba inú ọ̀já, 30 mm á wọ inú ẹsẹ̀. Ẹ lu ihò 4.5 mm sínú ọ̀já, kí súkúrúù lè máa rìn nínú rẹ̀ fàlàlà. Ẹ lu ihò 2.5 mm sínú ẹsẹ̀, kí eyín rẹ̀ rí ohun bù jẹ. Ihò àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Bí ẹ bá fò ó, eyín súkúrúù á bu ọ̀já àti ẹsẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ní dí láéláé, bó ti wù kí ẹ yí i tó.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ yí súkúrúù wọlé, kí ẹ máa wo etí ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé. Bí gọ́ọ̀mù bá yọ jáde ní ẹ̀kán kéékèèké tó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀, ó pé. Bó bá ń ṣàn wálẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí kò bá yọ rárá, ẹ tú u, kí ẹ fi kún un. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún kíákíá, torí ibi tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ sí lójú igi kò ní fa fáníìṣì mu, àbàwọ́n á wà níbẹ̀ títí ayé.

Súkúrúù méjì fún ojú kan, mẹ́rin fún igun kan. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ti iwájú wá àti àwọn tó ti ẹ̀gbẹ́ wá wà ní gíga kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á forí gbárí nínú ẹsẹ̀. Tèmi, 2 cm àti 6 cm láti òkè ni mo máa ń fi síwájú, 4 cm àti 7.5 cm ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ dì í mọ́ra fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lé e títí wákàtí 24 yóò fi pé.

Àléébù rẹ̀ ni pé orí súkúrúù á hàn, ojú gígé ọ̀já á sì hàn ní igun. Ẹ lè rì orí súkúrúù wọlé kí ẹ fi èèkàn igi dí i. Ẹ sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó ṣe é.

Ihò àti ahọ́n

Ẹ gbẹ́ ihò sínú ẹsẹ̀, ẹ gé orí ọ̀já kó dà bí ahọ́n, ẹ ki ahọ́n bọ ihò. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Íjíbítì àtijọ́ lò ó fún àga àti ibùsùn àwọn ọba wọn, díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun lọ́dún 1922 sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún láìtú ká. Ohun tó fún un lágbára kò ṣòro láti rí: ẹ̀gbẹ́ ahọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, nítorí náà gọ́ọ̀mù rí ojú tó fẹ́; èjìká ọ̀já, ìyẹn ibi tí a gé sí yípo ahọ́n, á sì fara ti ẹsẹ̀ kó má lè yí. Kódà bí gọ́ọ̀mù bá kú, igi ṣì di igi mú.

Ìnípọn ahọ́n sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́ta ìnípọn pákó. Fún ọ̀já 20 mm, nǹkan bíi 7 mm nìyẹn. Èmi máa ń gbà á láyè títí dé 8 mm. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọ̀já mẹ́rin: ihò mẹ́jọ, ahọ́n mẹ́jọ. Ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí lè lo wákàtí kan lórí méjì péré, kí èkejì sì já sí èyí tó ń rọ́ wọ̀ láìfọwọ́ tì í. Ahọ́n tó dára ni èyí tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọlé. Èyí tó gba òòlù á la ẹsẹ̀, èyí tó ń já bọ́ kò wúlò. Ẹ tún nílò irin ìgbẹ́gi tó mú débi pé ó lè fá irun apá, ìyẹn ni pé ẹ ní láti kọ́ bí a ṣe ń pọ́n irin kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń kan bẹ́ǹṣì.

Ẹ mú un bí iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ bá wù yín, bí igi yín bá gbẹ dáadáa, bí ẹ kò bá sì kánjú. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ nílò ni ibi ìjókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bẹ́ǹṣì kẹta tàbí ìkẹrin.

Èèkàn igi, àwọn ọ̀pá róbótó 8 mm tí a ń ki bọ ihò pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, wà láàárín méjèèjì. Ó lẹ́wà, kò sí irin tó hàn, ṣùgbọ́n bí ihò kan bá yẹ̀ ní mílímítà kan, pákó méjèèjì kò ní bára dọ́gba mọ́, kò sì sí àtúnṣe. Ọ̀nà míì ni kí a lu ihò ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi dígírì 15, láti inú ọ̀já, kí súkúrúù gba ibẹ̀ wọ ẹsẹ̀. Ó yá, ó sì fara pamọ́. Àmọ́ ó gba irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, orí ọ̀já ló sì fi ń gún ẹsẹ̀, nítorí náà gọ́ọ̀mù kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Igi wá ńkọ́?

| Igi | Lábẹ́ ayùn | Ohun tó ń bà á jẹ́ | Ibi tó yẹ ẹ́ |
|---|---|---|---|
| Páìnì | Rọrùn, kókó rẹ̀ ló le | Ọ̀rinrin, ó tètè ní àpá | Bẹ́ǹṣì àkọ́kàn, inú ilé |
| Arẹ̀rẹ̀ | Ó fúyẹ́, ó rọ̀ púpọ̀ | Kòkòrò ajẹgi, súkúrúù kì í dì í mú pẹ́ | Pẹpẹ tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ |
| Ìrókò | Ó le, ó ń mú kí ayùn kú | Kò sí púpọ̀ | Ìta gbangba, ihò àti ahọ́n |
| Píláìwúùdù 18 mm | Etí rẹ̀ máa ń ya | Omi tó bá gba etí wọlé | Ìjókòó ẹlẹ́yọ kan, pẹpẹ |
| MDF (pákó tí wọ́n fi lúbúlúbú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) | Dẹ̀dẹ̀, eruku rẹ̀ burú | Omi, súkúrúù ní etí | Ohun tí a ó fi ọ̀dà kùn, nínú ilé |

Ẹ má jẹ́ kí tábìlì yìí tàn yín pé igi tó le jù ló dára jù. Ìrókò dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kòkòrò àti omi kì í tètè ráyè lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń ní òkúta nínú, òkúta gidi tí igi náà fúnra rẹ̀ dá sínú ara, ayùn tó bá sì bá a pàdé á kú lójú ẹsẹ̀. Eruku rẹ̀ tún máa ń yún èèyàn lára, ó ń ta imú, ẹ ò gbọdọ̀ gé e láìlo ìbòmú. Ẹni tó bá fi ìrókò bẹ̀rẹ̀ á máa bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé igi ló ń bá a jà. Páìnì ń dárí jini.

Ohun tó ṣe kókó ju orúkọ igi lọ ni omi tó wà nínú rẹ̀. Igi kì í súnkì títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 28 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo igi gbígbẹ; láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ló ń súnkì. Igi tó ti gbé inú ilé pẹ́ sábà máa ń wà láàárín 8 sí 12. Súnkì náà kò sì dọ́gba: gígùn igi kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú rẹ̀ ni gbogbo eré ń lọ. Pákó páìnì tó fẹ̀ ní 31 cm lè fẹ̀ tàbí kó sún ní mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín àsìkò tí afẹ́fẹ́ tutù àti àsìkò tó gbẹ.

Mílímítà mẹ́ta, kí nìyẹn? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kan bẹ́ǹṣì kejì. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìjókòó ẹlẹ́yọ kan mọ́ ọ̀já yípo-yípo, inú mi dùn pé kò ní mì mọ́. Lóru ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ táútáú, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka ṣẹ́. Ìjókòó ti là láti orí dé orí. Ó fẹ́ súnkì, mo ti dè é mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, fún ìjókòó, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè lo pákó mẹ́ta tó fẹ̀ ní 100 mm, kí ẹ fi àlàfo 5 mm sáàárín wọn; ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa fẹ̀, á máa sún láyè ara rẹ̀, súkúrúù méjì ní orí kọ̀ọ̀kan sì tó o. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ lè lo píláìwúùdù, tí wọ́n fi ìpele igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀, tí iṣan ìpele kan dábùú iṣan èyí tó tẹ̀ lé e. Torí pé wọ́n ń di ara wọn mú, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún, ẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀já láìbẹ̀rù. Etí rẹ̀ ló máa ń ta ko ojú, ẹ ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ̀kẹta ni pákó ẹlẹ́yọ kan, èyí tó rẹwà jù nínú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ bá mú un, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ gba abẹ́ fi súkúrúù dì í, kí ihò tó wà nínú ọ̀já gùn díẹ̀ sí ọ̀nà ìbú, kí súkúrúù lè máa bá pákó rìn.

Pákó mẹ́ta yẹn, èyí tó wà láàárín kò ní ohun tó gbé e àfi ní orí méjèèjì. Láti orí dé orí jẹ́ 110 cm, yóò máa tẹ̀ bí èèyàn bá jókòó sí i. Ẹ fi igi ìdábùú kan sí abẹ́ rẹ̀ ní agbedeméjì. Bí ẹ bá pín àlàfo sí méjì báyìí, títẹ̀ á dín sí ìdá mẹ́jọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní pákó tó nípọn ní ìlọ́po méjì, èrè kan náà ni, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì á wúwo. Àjákù ọ̀já kan ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá ń yan pákó, ẹ gbé orí kan sí ojú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ wo etí rẹ̀ lọ títí dé òpin. Ojú á sọ ohun tí tépù kò lè sọ. Ẹ wo ojú gígé rẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá rí ọkàn igi, ìyẹn ibi tí òrùka ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò là. Bí pákó méjì tó gùn dọ́gba bá wà, tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ fíìfíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kó wọn sínú yàrá tí bẹ́ǹṣì yóò gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fi igi kéékèèké sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà, kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Irinṣẹ́: ọwọ́ tàbí iná?

Ẹ jẹ́ ká ka iye ìgé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọ̀já mẹ́rin, ìjókòó mẹ́ta, ìdábùú kan: ẹyọ 12, ìgé tí kò lè ju 24 lọ. Ayùn ọwọ́ tó mú á gé gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan àtààbọ̀. N kò rí ìdí tí èèyàn fi ní láti ra ayùn iná nítorí bẹ́ǹṣì kan. Bí owó bá wà fún ẹ̀rọ oníná kan ṣoṣo, dírìlì ni kí ẹ rà, torí ihò ni iṣẹ́ yìí pọ̀ sí, kì í rọrùn láti fi ọwọ́ lu ihò 30 kó dúró ṣánṣán.

Ohun tí ayùn iná fi lé ti ọwọ́ ni pé ìgé rẹ̀ máa ń tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò kí ẹsẹ̀ yín gùn ní 43 cm gẹ́lẹ́, ohun tí ẹ nílò ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹ wọn ọ̀kan, ẹ gé e, kí ẹ fi òun wọn àwọn tó kù. Bí ẹ bá ń fi èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn èyí tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe á máa ga bí ọmọ ìyá.

Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi tépù wọn ní ìdábùú, láti igun kan dé igun tó jìnnà sí i jù lọ, kí ẹ tún wọn ìdábùú kejì. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, igun yín tọ́. Bí kò bá dọ́gba, ẹ tẹ ibi tó gùn jù mọ́ra títí wọn yóò fi dọ́gba. Èyí rọrùn ju kí ẹ máa gbé súkúwíà, irin tí a fi ń wo bóyá igun tọ́, kiri igun mẹ́rin.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin?

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í sì í mì, bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun. Ojú ibi mẹ́ta máa ń bá ilẹ̀ mu nígbà gbogbo. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kàn bá jẹ́ ìjókòó ẹnì kan, ẹ̀yin tí ẹ ń kan nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ro ẹsẹ̀ mẹ́ta wò. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sí etí rẹ̀, níbi tí kò sí ẹsẹ̀, lè ṣubú. Fún bẹ́ǹṣì gígùn, mẹ́rin náà ni.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń mì lẹ́yìn tí ẹ kàn án tán, ẹ má máa gé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ti rí bẹ́ǹṣì tó di ìtìsẹ̀ báyẹn. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa, ẹ fi bébà ki abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú títí kò fi ní mì mọ́. Ẹ wá mú àjákù pákó pẹlẹbẹ kan, ẹ fi pẹ́ńsù lé e, kí ẹ sì fi fa ìlà yípo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gíga kan náà láti ilẹ̀. Ibi ìlà ni kí ẹ gé.

Epo, fáníìṣì tàbí ọ̀dà

Kí a tó kùn ún, sánpépà 80, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 180; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sánpépà ṣe ń kúnná tó. Ẹ máa tẹ̀ lé iṣan igi. Bẹ́ẹ̀ bá dábùú rẹ̀, ẹ ò ní rí àpá náà títí fáníìṣì yóò fi kàn án, nígbà náà lẹ ó wá rí gbogbo rẹ̀.

Epo, irú bí epo líńsíìdì, ló rọrùn jù. Aṣọ lẹ ó fi nù ún sára igi, kò ní àpá búrọ́ṣì, bó bá sì ṣá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún nù ún. Kì í dáàbò bo igi tó fáníìṣì. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó lè jó ilé: aṣọ tí ẹ fi nu epo yìí máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan, iná lè sọ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ síta títí yóò fi le bí páálí, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Fáníìṣì dára fún ohun tí ìdí àti omi yóò máa kàn lójoojúmọ́. Ìpele mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára ju méjì tó ki lọ. Ẹ fi sánpépà 220 ha á díẹ̀ láàárín ìpele kan àti èkejì. Bó bá ha lọ́jọ́ iwájú, àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀dà ń bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀, òun sì ló bá MDF àti páìnì olókókó mu, bí ẹ bá ti fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dí oje igi síwájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oje inú kókó igi á máa yọ gba inú ọ̀dà jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ dojú bẹ́ǹṣì délẹ̀ kí ẹ tó parí. Abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ojú gígé, ibẹ̀ ni omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ ń gbà gun òkè. Ẹ fi ohun tí ẹ mú pa á, ẹ jẹ́ kó fà á mu, ẹ tún pa á, títí kò fi ní fà á mọ́. Ó máa ń tó ìgbà mẹ́rin.